Ìṣẹ́jú Méjì Tí Wọ́n Fún Verlene

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá, ẹ gbé e fún Verlene Walthall. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í dúró de ọ̀tá. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ẹnu lọ́run, òun tètè dé, òun gba tòun, òun sì tún lọ tò sẹ́yìn láti gba òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín orúnkún, oorun ni òun ń sùn. Ìdí nìyẹn tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ fi ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́ nígbàkigbà tó bá fẹ́ dìde, tí ẹnu rẹ̀ ní tirẹ̀ kò sì rẹ̀ ẹ́ rí.

Tarry Creek ni wọ́n bí i sí, ní gúúsù Virginia, níbi tí tábà ti kún oko nígbà kan, kó tó di pé igi páìnì gba gbogbo ilẹ̀. Ó se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Títí di òní, kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹni méjì. Bó bá gbé ìkòkò kaná, àwọn aládùúgbò á ti máa wá abọ́. Linwood ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ní Ọlọ́run ló mọ̀ọ́mọ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀ kí ariwo inú ilé lè wà ní ìwọ̀n. Verlene ní irọ́ ni. Ó ní Linwood ń sọ̀rọ̀ dáadáa kó tó fẹ́ òun, òun ni kò jẹ́ kó parí èyí tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìjọ wa, Mount Nebo, òun ló ń ka ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìkéde tí kò ju pé ìpàdé àwọn ìyá wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Verlene á sọ ẹni tó máa gbé kéèkì wá, á sọ irú kéèkì tó jẹ́, á sọ bí ti ọdún tó kọjá ṣe gbẹ tó fi há àwọn àgbà lọ́fun, á sì dárúkọ ẹni tó ṣe é. Rẹ́fúrẹ́ńdì Bagley, olùṣọ́àgùntàn wa, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wàásù ní ṣókí nítorí rẹ̀.

Ilé panápaná ni a ti ń dìbò ní Tarry Creek. Bó bá ti di ọjọ́ ìdìbò, àwọn ọmọkùnrin á wa ọkọ̀ pupa náà jáde síta, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á to àga àti tábìlì. Òórùn epo ọkọ̀ á ṣì wà nínú ilé, ẹnikẹ́ni kò bìkítà. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Àfi lọ́jọ́ kan tí Linwood lọ yá àkàbà níbẹ̀ tó padà wálé, tó sì ṣe ohun tí kì í ṣe: ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní láti ìbò tó ń bọ̀ lọ, àwa ará Tarry Creek á máa lọ dìbò nínú ilé tuntun tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ sí ìlú, máìlì méjìdínlógún sí wa. Wọ́n ní àwa tí à ń dìbò níbẹ̀ kò pọ̀ tó owó tí wọ́n ń ná lé e.

Wọn kò bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ti pinnu, wọ́n ti lọ jẹun ọ̀sán kí a tó gbọ́. Verlene wọ bàtà, ó di ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó bá níbẹ̀ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé kò sí òfin tó ní kí àwọn bi ẹnikẹ́ni. Verlene tún un bi, ọmọbìnrin náà tún un sọ. Verlene ní kò dun òun tó bẹ́ẹ̀ pé ọmọ náà dá òun lóhùn. Ohun tó dun òun ni pé òótọ́ ló sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló ká a lára jù. Mama Ottie ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kò sì tíì pa ìbò kankan jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà kó dìbò. Ìbàdí rẹ̀ kò gbà kó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ mọ́. Bó bá ti jókòó pẹ́, ibùsùn ló kàn, igbe ló kàn. Wọ́n ní kó máa fi ìwé ìdìbò rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé. Mama Ottie ní ìwé tó bá ti kúrò lójú òun, òun kò mọ ilé ẹni tó sùn sí. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kó wọnú ẹ̀rọ. Verlene mọ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìbò lọ sí máìlì méjìdínlógún, Mama Ottie á ní kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni òun máa kú sí, Verlene ni yóò sì wa ọkọ̀ náà.

Ní àsìkò yẹn, àbá òfin kan wà nílẹ̀ ní Richmond, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ó ní kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ti ibi ìdìbò pa, tàbí kó gbé e kúrò, láìkọ́kọ́ kéde rẹ̀ fún àwọn tí ń dìbò níbẹ̀, kó gbọ́ tẹnu wọn, kó sì fi hàn pé kò ní fi dí wọn lọ́nà, pàápàá àwa ènìyàn dúdú tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ lójú rí. Ìgbìmọ̀ kan ló kọ́kọ́ máa gbé e yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ó tẹ̀ síwájú; bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ó kú síbẹ̀, ilé panápaná wa náà bá a lọ.

Ni lọ́yà ọ̀dọ́bìnrin kan, Simone Dandridge, bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ń wá ẹni tó máa bá ìgbìmọ̀ náà sọ̀rọ̀. Rẹ́fúrẹ́ńdì Bagley wo gbogbo ìjọ, gbogbo ìjọ wo Verlene. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù wá lọ o. A kàn mọ̀ pé kò sí ohun tó lè dí i lẹ́nu ni.

Simone bá a to ọ̀rọ̀ náà. Ìtàn Lucinda ni, ìyá tó bí Mama Ottie, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí kóòtù láti forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dìbò. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ kí eruku má bà á jẹ́. Wọ́n lé e padà, ó tún lọ. Ìtàn tó dùn ni. Verlene sọ ọ́ fún Linwood nígbà tó ń jẹun, ó sọ ọ́ nígbà tó ń fá irùngbọ̀n, ó sì sọ ọ́ nígbà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí kò ráyè sá.

Simone kìlọ̀ fún un. "Ìṣẹ́jú méjì péré ni wọ́n ń fúnni o, Mà. Bó bá ti pé, wọ́n á pa gbohùngbohùn."

Verlene ní kó fọkàn balẹ̀. Linwood ti fi aago wò ó, kò tilẹ̀ pé ìṣẹ́jú méjì. Kò sí ẹni tí ẹnu yà tó Linwood.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kún. Adìyẹ díndín wà nínú bébà fàdákà, bísíkíìtì rírọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín wà nínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin sì dé àkẹtẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ti Verlene jẹ́ aláwọ̀ elésè àlùkò, ìyẹ́ gígùn kan yọ lórí rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò rí Richmond títí a fi wọ inú rẹ̀. A bẹ Mama Ottie títí pé kó dúró sílé. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òun, kí wọ́n sọ ọ́ lójú òun. Wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́ta sí ìdí rẹ̀, ó sì ń kùn ní gbogbo ibi tí títì bá ti fọ́.

Yàrá ìgbìmọ̀ náà tutù. Àwọn aṣòfin jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, omi wà níwájú oníkálukú. Alága wọn, obìnrin kan tó fi awò sí orí imú, ń pe àwọn ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń lu nǹkan ní gbàǹjo, wọ́n ń kó bébà wọn, wọ́n ń lọ. Ó wá kan Verlene.

Ní báyìí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní Mount Nebo, ẹnikẹ́ni kì í lanu níwájú èrò láìkọ́kọ́ fi ọlá fún àwọn tí ọlá tọ́ sí. Ọmọdé tó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo, á kí ilé yíká ná. Ẹni tí wọ́n bá sì dárúkọ gbọ́dọ̀ dìde kí wọ́n lè rí i. Kò sí ẹni tí ń kọ́ ọ, kò sí ẹni tí ń rò ó. Ó ń jáde fúnra rẹ̀ bí èémí. Nígbà tí Verlene ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò fún Linwood, kò ka ìkíni mọ́ ọn. Ta ló ń ka èémí ara rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀?

Verlene fọwọ́ to àkẹtẹ̀ rẹ̀. "Mo fi ọlá fún Ọlọ́run, ẹni tí í ṣe orí fún ayé mi. Mo fi ọlá fún alága, àti gbogbo ẹ̀yin aṣòfin tó wà lórí ìjókòó. Mo fi ọlá fún olùṣọ́àgùntàn mi, Rẹ́fúrẹ́ńdì Purcell Bagley."

Rẹ́fúrẹ́ńdì dìde, ó de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀, ó tẹrí ba sọ́tùn-ún sósì. Ó wá kan ìyàwó Rẹ́fúrẹ́ńdì, Verlene fi àsè tó ṣe lọ́jọ́ Àjíǹde yìn ín díẹ̀. Ó kan àwọn díákónì, wọ́n dìde lápapọ̀ bí ọgbà igi. Ó kan ẹgbẹ́ akọrin, ó kan ẹni tó wa bọ́ọ̀sì, ó dúpẹ́ pé kò sáré. Ó kí àwọn àlejò, ó gbàgbé pé àwa gan-an ni àlejò. Iná kékeré tí wọ́n fi ń ka àkókò lórí tábìlì, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀, di òféèfé. Verlene rí i, ó rò pé wọ́n fi ń kí òun káàbọ̀ ni.

Ó ní, "Àti ìyá tó bí mi lọ́mọ, ìyá gbogbo ìjọ wa, Mama Ottie Jeffress."

Àṣà wa ni pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú títí ẹni tó dárúkọ á fi dìde tán. Mama Ottie bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ọ̀pá wà lábẹ́ àga. Díákónì kan bá a mú un. Ó gbé ìdí kan sókè, ó sinmi, ó bojú wo àwọn aṣòfin bóyá wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń wò ó. Gbogbo wa dúró. Simone fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Nígbà tí Mama Ottie fi máa nàró, iná ti pọ́n, gbohùngbohùn sì ti kú.

Alága ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Àkókò yín ti tán."

Verlene ní, "Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Kò nílò gbohùngbohùn. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Alága fi òòlù igi kan tábìlì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Verlene bojú wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Lucinda wà níbẹ̀ tòun ti bàtà lọ́wọ́, kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan. Ó ní ìtìjú tó bo òun gbóná débi pé òun lè fi lọ aṣọ. Gbogbo Tarry Creek gbé bọ́ọ̀sì wá kí òun lè wá kí wọn.

Ó ti ń yí padà nígbà tí ọkùnrin arúgbó kan nínú ìgbìmọ̀ na ọwọ́. Ará apá olókè ìpínlẹ̀ wa ni, ó de táì onílabalábá, gbogbo wa sì ti gbọ́ pé kò fẹ́ràn òfin náà. Ó ní òun ní ìbéèrè. Ìbéèrè kì í sí lára ìṣẹ́jú méjì, iná bá tún di aláwọ̀ ewé. Simone gbé orí sókè.

Ọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. "Mà, ìyá tó dìde yẹn, ọ̀nà jíjìn ni ẹ ti gbé e wá lónìí. Bí ẹ bá lè dé Richmond, kí ló dé tí ẹ kò ní lè dé ìlú tó wà nítòsí yín lọ dìbò?"

Ìkẹ́kùn ni, a sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Simone ti kọ́ Verlene ní ìdáhùn rẹ̀: kó sọ pé a máa lọ, bí Lucinda ṣe lọ, pé ẹnikẹ́ni kò lè dá wa dúró, ṣùgbọ́n kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwa tó wà lẹ́yìn ti lanu sílẹ̀ láti ṣe àmín. Verlene la ẹnu tirẹ̀ náà. Ó ní òun kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tó jáde ti wá títí di òní.

"Màámi á lọ, sà. Á lọ bó bá máa kú sójú ọ̀nà. Èmi ni mi ò ní lọ."

Ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín.

Ó ní, "Ìyá ìyá mi fẹsẹ̀ rìn ín, mo kọ ọ́ síbí. Mo fẹ́ sọ fún yín pé èmi náà á rìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí, sà. Bí òjò bá ṣú, mi ò kì í dé ibi àpótí lẹ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Bí mo bá jí lọ́jọ́ yẹn tí orúnkún ń dà mí láàmú, màá ní ó di ọdún mìíràn, màá sì máa fi Lucinda yangàn kiri. Òun ni akọni. Ọ̀lẹ lèmi."

Mama Ottie ṣì wà ní ìdúró, kò tíì jókòó padà. Etí rẹ̀ kò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà bó bá rò pé òun ń sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìta ń gbọ́. Ó yíjú sí ìyàwó Rẹ́fúrẹ́ńdì, ó ní, "Láti kékeré ló ti yọ̀lẹ."

Ẹ̀rín pa àwọn aṣòfin. Obìnrin kan ní ìkángun tábìlì, tó ti ń wo fóònù rẹ̀ láti òwúrọ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú. Inú wá bí Verlene. Inú ìyá rẹ̀ ló ń bí i, ṣùgbọ́n ọkùnrin onílabalábá ló wà níwájú rẹ̀, òun ló bá wí.

"Ṣé akọni nìkan ni ìbò wà fún ni, sà?"

Ọkùnrin náà ti bébà iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun kò ní ìbéèrè mìíràn.

Wọ́n dìbò lé e kí ó tó di ọ̀sán. Ọkùnrin onílabalábá náà kọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ti ṣèlérí, kò tilẹ̀ yẹjú. Obìnrin tó bọ́ awò ojú ló kẹ́yìn. Ó ní òun fara mọ́ ọn. Ìbò kan ṣoṣo la fi borí. Simone ní obìnrin yẹn kò sọ ibi tí òun ń lọ fún ẹnikẹ́ni títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Verlene bi í bóyá ọ̀rọ̀ òun ló yí i lọ́kàn padà. Simone ní ó lè jẹ́ ti Mama Ottie.

Nígbà tí a ń padà, Verlene lọ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Kò jẹ adìyẹ. Níwájú, wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Díákónì kan ní kí awakọ̀ yára kí òjò má baà bá Sista Verlene lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, òun ni ì bá kọ́kọ́ dá àwàdà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Lucinda ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní ọmọ-ọmọ wo ló máa gbé ìyá rẹ̀ àgbà dé iwájú ìjọba, tó wá sọ fún wọn pé òun kò jọ ọ́?

Mama Ottie ní kí wọ́n mú òun lọ sẹ́yìn. Wọ́n gbé ìrọ̀rí tẹ̀ lé e. Ìrora ti gba ojú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Verlene mú bí ẹni tó di igi mú.

"Ṣé o rò pé ọ̀nà yẹn dùn mọ́ ìyá mi ni? Èmi ló mú dání. Èébú ló ń bú ọ̀nà yẹn láti ilé dé kóòtù. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá gbé àpótí ìbò wá sẹ́nu ilẹ̀kùn òun, òun á fi ẹnu ko onítọ̀hún ní ẹsẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di akọni. Obìnrin tí ẹsẹ̀ ń dùn ni."

Verlene ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mama Ottie ní ìgbà wo ni wọ́n rí àyè sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀? Ó wá ní kó gbé itan adìyẹ kan fún òun.

Ilé aṣòfin méjèèjì gba òfin náà, gómìnà sì bu ọwọ́ lù ú. Ó wá di dandan kí ìjọba ìbílẹ̀ wa jókòó gbọ́ tẹnu wa kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé panápaná. Ọjọ́ ìpàdé náà, àwọn àga kò tó, àwọn kan jókòó sórí fèrèsé. Àwọn tí kò jáde láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dìde, wọ́n ń sọ ohun tí kò ní jẹ́ kí àwọn dé ìlú: ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran lálẹ́, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti di ilé adìyẹ, ẹni tí ń tọ́ ọmọ-ọmọ, ẹni tó kàn ní ó jìn, kò sì fi nǹkan mìíràn kún un. Kò sí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní akọni. Àwọn ọ̀gá náà wo ara wọn lójú. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ní kí a máa lo ilé panápaná wa lọ.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Mama Ottie ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ó fojú ara rẹ̀ rí i kí ìwé rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ, ó sì jókòó sórí àga níta, ó ń ka àwọn tí kò tíì wá. Verlene wà lára wọn. Ó gbé ẹ̀wà kaná, ó ti di ìrọ̀lẹ́ kó tó rántí. Ó rọra dín iná kù, ó fi sálúbàtà inú ilé àti ápúrọ́ọ̀nù kọjá sí òdìkejì títì níbi tí ilé panápaná wà, ó dìbò, ó jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi í pé báwo ni, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe rí.

Òórùn ló mú Linwood dìde nínú ilé. Kí Verlene tó dé, ẹ̀wà ti dúdú mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ̀ tòmátì bò ó mọ́lẹ̀. Verlene ha ìkòkò náà títí apá fi ń ro ó, ó sì ní ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni òun ti jó nídìí ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n èyí ni àkọ́kọ́ tí òun lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjọba.